Bí A Ti Ń Tọ́ Ara Wa Sọ́nà Nínú Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù

Ẹ̀yin àgbẹ̀ wa, nígbà tí ẹgbẹ́ bá kó kòkó jọ tà, kòkó burúkú ti ẹnì kan lè dín owó gbogbo yín kù. Nítorí náà, bí ẹ ti ń kọ́ bí a ṣe ń bo kòkó àti bí a ṣe ń sá a, ó yẹ kí ẹ kọ́ bí a ṣe ń sọ àṣìṣe fún ara ẹni.

Ẹ wo bí a ti ń yẹ kòkó wò. A ó ṣa 300 hóró láti inú àwọn àpò, a ó fi ọ̀bẹ la ọ̀kọ̀ọ̀kan ní gígùn, a ó sì wo inú rẹ̀. Èyí tí inú rẹ̀ rí bíi wàláà ń sọ pé a kò bo kòkó náà tó. Èyí tí ó bu sábà ń sọ pé kò gbẹ dáadáa. Ọ̀bẹ kì í bú ẹnikẹ́ni. Ibi tí iṣẹ́ kù sí ni ó ń fi hàn.

Ní ọdún 1996, Avraham Kluger àti Angelo DeNisi kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwádìí jọ lórí sísọ fún òṣìṣẹ́ bí iṣẹ́ rẹ̀ ti rí. Lápapọ̀, ó ń mú iṣẹ́ dára sí i. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ, ńṣe ni iṣẹ́ burú sí i. Ní 1999, Amy Edmondson ti Yunifásítì Harvard tẹ ìwádìí jáde nípa ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ 51 ní ilé iṣẹ́ kan: àwọn tí ọkàn wọn balẹ̀ láti sọ àṣìṣe wọn ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ jù.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹni tí ẹ̀rù ẹ̀sín bá ń bà yóò da kòkó tí ó bu mọ́ èyí tí ó dára, kò sì ní béèrè ohun tí kò mọ̀.

Nítorí náà:

1. Ẹ tètè sọ̀rọ̀. Bíbo kòkó ń gbà tó ọjọ́ 5 sí 7. Ẹ sọ ohun tí ẹ rí nígbà tí ó ṣì wà nínú ewé, kí a tó dì í sápò.

2. Ẹ sọ ti kòkó, ẹ má sọ ti ènìyàn. Dípò “Ọ̀lẹ ni yín”, ẹ wí pé, “Ọjọ́ mélòó ni ẹ fi bo èyí?”

3. Bí inú bá ń bí yín, ẹ dúró kí ó rọ̀ kí ẹ tó sọ̀rọ̀.

4. Kí àwọn olórí ẹgbẹ́ kọ́kọ́ la kòkó tiwọn lójú gbogbo ènìyàn.

5. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tí ó bá jẹ́wọ́, ṣùgbọ́n ẹ ya kòkó rẹ̀ sọ́tọ̀. Inú rere kò ní kí a gba kòkó burúkú wọlé.

Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò. Ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó.