Ẹ̀tọ́, Ìrora àti Ìrúbọ: Èdè Ìdánwò Lára Ẹranko àti Ibà Lassa ní Agbègbè Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́

1. Ìbẹ̀rẹ̀

Àrùn tí a ń pè ní ibà Lassa kì í ṣe àjèjì mọ́ ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti ti Ọ̀sẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Bí ọ̀gbẹlẹ̀ bá ti wọlé, tí àwọn àgbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dáná sungbó, tí eku sì ń sá kúrò ní oko wá sínú ilé, àrùn náà a tún gbérí. Láti Ifọ́n, Ìdó-Àní, Ìpele àti àwọn abúlé tí ó yí wọn ká, ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ tí ó wà ní ìlú Ọ̀wọ̀ ni a ń gbé àwọn aláìsàn lọ.

Oògùn tí a ń fún aláìsàn níbẹ̀ ti kọ́kọ́ gba ara ẹranko kọjá níbòmíràn kí ó tó dé ara ènìyàn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti di ti ìwà ọmọlúàbí nìyí, ibẹ̀ náà ni ó sì ti di ti èdè. Olùkọ́ tí ó ń ṣàlàyé iṣẹ́ àjẹsára fún akẹ́kọ̀ọ́, ògbufọ̀ tí ó ń túmọ̀ ìwé ìyọ̀ǹda fún aláìsàn, àti akọ̀ròyìn tí ó ń ròyìn àwọn tí ó tako lílo ẹranko, gbogbo wọn ni yóò bá ọ̀rọ̀ mẹ́ta pàdé: ìdánwò, ẹ̀tọ́, àti ìrúbọ. Ohun tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé bí a bá túmọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí láìronú, ará Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ kò ní lè dá sí ẹjọ́ tí ó kàn án gbọ̀ngbọ̀n.

2. Ọ̀nà tí oògùn gbà dé Ọ̀wọ̀

Ní ọdún 1969 ni àwọn oníṣègùn kọ́kọ́ dá àrùn yìí mọ̀, lára àwọn nọ́ọ̀sì òyìnbó tí ń ṣiṣẹ́ míṣọ́n, tí èkíní nínú wọn wà ní ìlú Lassa, ní ibi tí ó jẹ́ Ìpínlẹ̀ Borno lónìí. Orúkọ ìlú náà ni a fi sọ àrùn ọ̀hún. Nígbà tí ó bẹ́ sílẹ̀ ní Sierra Leone ní 1972, àwọn onímọ̀ dẹ pàkúté fún eku inú ilé, wọ́n sì kéde ní 1974 pé irú eku kan tí orúkọ rẹ̀ nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì ń jẹ́ Mastomys natalensis ni ó ń gbé fáírọ́ọ̀sì náà kiri. Àrùn náà kì í dá eku yìí dùbúlẹ̀. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ni ó ń gbé e dé inú oúnjẹ ènìyàn.

Ní 1980, àwọn onímọ̀ Amẹ́ríkà tẹ èsì iṣẹ́ kan jáde nínú èyí tí wọ́n ti kó fáírọ́ọ̀sì yìí ran àwọn ọ̀bọ, tí wọ́n sì fi oògùn ribavirin tọ́jú wọn. Àwọn ọ̀bọ tí ó tètè rí oògùn gbà yè. Lẹ́yìn èyí ni a ròyìn ìdánwò lára aláìsàn ní Sierra Leone ní 1986: nínú àwọn aláìsàn 20 tí ewu ikú wọn pọ̀, tí wọ́n sì gba oògùn náà sínú iṣan láàárín ọjọ́ 6 àkọ́kọ́, ẹnì 1 péré ni ó kú. Ní 2005, a ròyìn àjẹsára kan tí a dán wò lára ọ̀bọ 6. Àwọn 4 gba àjẹsára náà. Àwọn 2 yòókù gba èyí tí kò ní èròjà Lassa nínú. Nígbà tí a kó àrùn ran gbogbo wọn, àwọn 4 yè, àwọn 2 sì kú. Ní 2017, a tún ròyìn pé èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ń bá àrùn jà, èyí tí a rí lára àwọn ènìyàn Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ti kó ibà Lassa tí wọ́n sì là á já, gba àwọn ọ̀bọ tí àìsàn ti wọ̀ lára.

Láàárín 2021 sí 2022, a fi oògùn favipiravir wé ribavirin lára aláìsàn ní Ọ̀wọ̀ àti ní Irrua ní Ìpínlẹ̀ Edo. Ní 2024, ìpele kejì ìdánwò àjẹsára kan tí a gbé ka orí ìlànà ti 2005 bẹ̀rẹ̀ lára ènìyàn ní Àbújá. Síbẹ̀, títí di òpin ọdún 2024, kò tíì sí àjẹsára ibà Lassa kankan tí ìjọba orílẹ̀-èdè kan fọwọ́ sí fún ìlò gbogbo ènìyàn.

3. Orúkọ eku

Ìkéde ìlera a máa sọ pé, ‘Ẹ yẹra fún eku.’ Ṣùgbọ́n èdè Yorùbá kò fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo eku. Òkété wà, ẹmọ́ wà, àgó wà, ẹdá wà, ẹlírí sì wà. Òmíràn jẹ́ ẹran ọbẹ̀, òmíràn jẹ́ ohun ẹbọ, òmíràn jẹ́ olè inú àká. Bí a bá da gbogbo wọn pọ̀ sójú kan, ọdẹ tí ó mọ ìyàtọ̀ wọn yóò kà á sí pé ẹni tí ó ṣe ìkéde kò mọ ohun tí ó ń sọ.

Ó lè wu ògbufọ̀ kan láti pe Mastomys ní ẹdá, nítorí pé Yorùbá mọ ẹdá mọ́ bíbí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀, eku Mastomys pàápàá sì ń bí púpọ̀. Ìjọra yìí nìkan kò tó. Orúkọ ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì gbọ́dọ̀ dúró lórí ẹranko tí a mú ní ọwọ́, tí a fi han àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ tí wọ́n mọ igbó. Títí a ó fi ṣe bẹ́ẹ̀ ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́, a lè lo ‘eku ọlọ́mú-púpọ̀’, nítorí pé ọmú abo rẹ̀ pọ̀ ju ti àwọn eku yòókù lọ, a sì lè fi ojú rí i. Kí a má sì sọ pé eku yìí nìkan ni ó jẹ̀bi: ní 2016, àwọn onímọ̀ tí àwọn ọmọ Nàìjíríà wà lára wọn ròyìn fáírọ́ọ̀sì náà lára irú eku mìíràn ní Nàìjíríà àti Guinea. Orúkọ tí kò péye a máa pa ẹranko tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀, a sì máa dá èyí tí ó léwu sí.

4. Ìdánwò

Ọ̀rọ̀-ìṣe ‘dán … wò’ ni a ti rí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(1) a. Wọ́n dán oògùn wò lára ọ̀bọ.
    b. Wọ́n dán ọ̀bọ wò.

Nínú (1a), oògùn ni àbọ̀ ọ̀rọ̀-ìṣe. Ara ọ̀bọ ni ibi tí iṣẹ́ náà ti ṣẹlẹ̀. Nínú (1b), ọ̀bọ gan-an ni a ń yẹ̀ wò, bí ẹni pé akẹ́kọ̀ọ́ ni. Nítorí náà, ‘ìdánwò ẹranko’, tí ó máa ń hàn nínú ìròyìn, kò gbé ìtumọ̀ náà dé ibi tí ó yẹ. ‘Ìdánwò lára ẹranko’ ni ó tọ́. Àǹfààní kan sì wà nínú rẹ̀: ó sọ gbangba pé ara alààyè ni ibi iṣẹ́, kò sì jẹ́ kí ara náà fara sin.

Ó yẹ kí a tún ya iṣẹ́ mẹ́rin sọ́tọ̀ tí àríyànjiyàn sábà máa ń dà pọ̀. Èkíní ni eku pípa láti dáàbò bo ilé àti oúnjẹ. Èkejì ni àyẹ̀wò ara eku, èyí tí a fi ń mú eku láti mọ̀ bóyá fáírọ́ọ̀sì wà lára rẹ̀. Irú èyí ni àwọn onímọ̀ ti ṣe ní Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Ẹ̀kẹta ni ìkóràn àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, níbi tí a ti ń kó àrùn ran ẹranko tí kò ṣàìsàn. Ẹ̀kẹrin ni ìdánwò oògùn tàbí àjẹsára lára ẹranko, tí ó sábà máa ń tẹ̀lé ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó fara mọ́ èkíní kò tíì fara mọ́ ẹ̀kẹta. Ẹ̀sùn eku inú ilé ni pé ó wọ àká onílé. Ọ̀bọ inú yàrá ìwádìí kò wọ àká ẹnikẹ́ni. Ènìyàn ni ó lọ mú un wá.

5. Ẹ̀tọ́

Ìwé méjì ni ó gbajúmọ̀ jù nínú àríyànjiyàn yìí lóde òní: ti Peter Singer, tí ó jáde ní 1975, àti ti Tom Regan, tí ó jáde ní 1983. A máa ń pe àwọn méjèèjì ní ajàfẹ́tọ̀ọ́-ẹranko, ṣùgbọ́n ìpìlẹ̀ wọn yàtọ̀. Ìrora ni Singer gbé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kà: bí ẹ̀dá kan bá lè jẹ̀rora, a kò gbọdọ̀ fojú fo ìrora náà dá nítorí pé kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀tọ́ gan-an ni Regan gbé tirẹ̀ kà: ẹranko ní iyì tirẹ̀, a kò sì gbọdọ̀ sọ ọ́ di ohun èlò lásán, bí ó ti wù kí èrè rẹ̀ pọ̀ tó.

Yorùbá ní òwe kan tí ó sún mọ́ ìpìlẹ̀ èkíní: bí ó ti ń dun ọmọ eku, bẹ́ẹ̀ ni ó ń dun ọmọ ẹyẹ. Òtítọ́ ni pé ọ̀rọ̀ ènìyàn sí ènìyàn ni a sábà ń pa á sí. Ṣùgbọ́n òwe náà kò lè dúró bí a kò bá kọ́kọ́ gbà pé ó ń dun eku. Ohun tí òwe náà mú lọ́wọ́ jẹ́ ìrora. Kò dárúkọ ẹ̀tọ́.

Ọ̀rọ̀ ‘ẹ̀tọ́’ ní apá méjì. ‘Ó tọ́’ ń sọ ohun tí ó yẹ kí a ṣe. ‘Ó tọ́ sí i’ ń sọ ohun tí ẹnì kan lè béèrè fún. Nítorí náà, ‘ẹ̀tọ́ ẹranko’ lè jẹ́ ohun tí ẹranko ní, ó sì lè jẹ́ ohun tí ó yẹ kí ènìyàn ṣe sí ẹranko. Bí ògbufọ̀ kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀, ewu ń bẹ. Ní ilé tí ibà Lassa ti pa ìyá àti ọmọ, ẹni tí ó bá wọlé wí pé ‘eku ní ẹ̀tọ́’ dà bí ẹni tí ó wá fi òkú ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí ó bá wí pé ‘kò tọ́ kí a jẹ ẹranko níyà láìnídìí’ sọ ohun tí onílé náà lè gbà, àní bí ó ti ń dẹ pàkúté. Òfin tí ó ti wà láti ayé àwọn òyìnbó amúnisìn nínú ìwé òfin ọ̀ràn dídá ti gúúsù Nàìjíríà pàápàá gba ọ̀nà yìí: ìwà ìkà sí ẹranko ni ó kà sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ìmọ̀ràn tí ó tẹ̀lé èyí ni pé kí a fi ‘ẹ̀tọ́ ẹranko’ sílẹ̀ fún èrò irú ti Regan nìkan, kí a lo ‘ìtọ́jú ẹranko’ fún ìlànà tí ń dín ìrora kù, kí a sì lo ‘ìwà ìkà sí ẹranko’ níbi tí òfin ti ń sọ̀rọ̀.

6. Ìrúbọ

Àwọn onímọ̀ tí ń kọ èdè Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ kọ ọ́ pé àwọn pa ẹranko inú yàrá ìwádìí. Ọ̀rọ̀ tí ó bá ìrúbọ dọ́gba ni wọ́n sábà ń lò. Ògbufọ̀ tí ó bá tẹ̀lé wọn yóò kọ ọ́ pé, ‘A fi eku 10 rúbọ.’ Ibi tí ó burú jù láti kọ irú gbólóhùn bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀wọ̀.

Ní Ọ̀wọ̀, a mọ ohun tí ẹbọ jẹ́. Orí àgbò tí a fi igi gbẹ́, tí a ń pè ní òsánmásinmi, ni a máa ń gbé sí ojúbọ àwọn baba ńlá. Ẹbọ ní ẹni tí ń rú u, ó ní ẹni tí a ń rú u sí, ó ní ìdí tí a sọ jáde lẹ́nu, ó sì ní àǹfààní tí ó gbọ́dọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹlẹ́bọ. Ẹran tí a fi rú u kò di ìgbàgbé. Kò sí ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí tí ó pọn dandan ní yàrá ìwádìí. Bí a bá pe ikú inú yàrá ìwádìí ní ìrúbọ, a ti fi aṣọ ọ̀wọ̀ bo ohun tí ó yẹ kí a bi léèrè. ‘Pa’ ni ọ̀rọ̀ tí ó ṣe tààrà. Bí a bá pa á láìjẹ́ kí ó jẹ̀rora, kí a sọ bẹ́ẹ̀.

7. Ìyọ̀ǹda àti gbèsè

Aláìsàn tí ó wà ní Ọ̀wọ̀ lè yọ̀ǹda ara rẹ̀ fún ìdánwò, ó sì lè kọ̀. Ẹranko kò lè ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì. Nítorí ìdí yìí ni àwọn kan fi sọ pé kí a fòpin sí gbogbo rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ dáhùn ìbéèrè kan: ta ni yóò kọ́kọ́ gba oògùn tí a kò mọ bí yóò ti ṣe lára? Ìlànà Nuremberg ti 1947, tí a ṣe lẹ́yìn ìkà tí àwọn dókítà Jámánì hù sí àwọn ẹlẹ́wọ̀n, béèrè pé kí èsì ìdánwò lára ẹranko ṣáájú ti ènìyàn. Bí a bá yọ ẹranko kúrò láìfi ohun mìíràn rọ́pò, tálákà ni yóò bọ́ sí àyè rẹ̀.

Ní 1959, Russell àti Burch gbé ìlànà mẹ́ta kalẹ̀ tí a lè pè ní ìrọ́pò, ìdínkù àti ìmúdẹrùn: kí a lo ohun mìíràn dípò ẹranko níbi tí ó bá ti ṣeé ṣe, kí iye ẹranko má pọ̀ ju ohun tí a nílò lọ, kí ìrora wọn kéré. Ní òpin ọdún 2022, Amẹ́ríkà yí òfin rẹ̀ padà kí ó má bàa jẹ́ dandan mọ́ pé ara ẹranko ni a gbọdọ̀ ti dán gbogbo oògùn wò kí ó tó kan ènìyàn.

Ọ̀rọ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́ fi ohun kẹrin kún mẹ́ta yìí, èyí tí a lè pè ní ‘ìdápadà èrè’. Bí a bá sọ pé ìrora ọ̀bọ tọ́ nítorí pé yóò gba ènìyàn là, àfi kí ènìyàn náà rí ìgbàlà ọ̀hún gbà. Ó kéré tán, láti ọdún 1980 ni àwọn ọ̀bọ ti ń kú nítorí ibà Lassa nínú yàrá ìwádìí. Ọdún 19 kọjá láàárín àjẹsára ti 2005 àti ìdánwò ti Àbújá. Ìrora tí a fi èrè dá láre, tí èrè náà kò sì dé ọwọ́ ẹni tí a dárúkọ, ti di gbèsè lọ́nà méjì: a jẹ ẹranko, a sì jẹ àgbẹ̀ tí ó wà ní Ìdó-Àní.

8. Ìparí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a dá lábàá níhìn-ín ni: eku ọlọ́mú-púpọ̀, àyẹ̀wò ara eku, ìkóràn àmọ̀ọ́mọ̀ṣe, ìdánwò lára ẹranko, ẹ̀tọ́ ẹranko, ìtọ́jú ẹranko, ìwà ìkà sí ẹranko, ajàfẹ́tọ̀ọ́-ẹranko, ìrọ́pò, ìdínkù, ìmúdẹrùn àti ìdápadà èrè. ‘Ìrúbọ’ ni a dábàá pé kí a yọ kúrò nínú ìwé ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì. Iṣẹ́ tí ó kù di ti àwọn olùkọ́ tí wọ́n wà ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ́: kí wọ́n kó orúkọ eku jọ lẹ́nu àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ní ẹ̀ka-èdè agbègbè wọn, kí wọ́n sì fi àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí lọ àwọn tí àrùn náà ń bá jà. Àwọn ni yóò sọ èyí tí etí lè gbà.