Ìdí tí Àwọn Akẹ́kọ̀ọ́ fi ń Kọ́ Èdè Ṣáínà

Ìdí wà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Èkó fi ń kọ́ èdè Ṣáínà. Ilé-iṣẹ́ Ṣáínà ni ó la ọ̀nà reluwé Èkó sí Ìbàdàn, tí a ṣí ní 2021. Ẹni tí ó bá gbọ́ èdè ọ̀gá níbi iṣẹ́ ni a ń fi ṣe ògbufọ̀. Àwọn mìíràn ń fẹ́ lọ kàwé ní Ṣáínà.

Ohùn rẹ̀ kò ṣe àjèjì sí wa ní Ìbàràpá. Bí ọmọ Igbó-Ọrà àti Èrúwà ti mọ ìyàtọ̀ igbá, igba àti ìgbà, bẹ́ẹ̀ ni “mā” jẹ́ ìyá lọ́dọ̀ wọn, tí “mǎ” sì jẹ́ ẹṣin. Ìwé kíkọ ni ó le, nítorí ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì ni.

Nítorí náà, àwa tí a ó di olùkọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́ ọmọdé ní ohùn Yorùbá dáadáa. Ẹni tí ó mọ ohùn ìyá rẹ̀ ni yóò tètè gbọ́ ti àlejò.