Ẹran Mélòó Ni Ó Kù Nínú Igbó Wa?

Àwọn àgbà a máa wí pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ẹran ìgbẹ́ ńkọ́, tí kò ní ọlọ́mọ tí a lè bi léèrè? Ní Ọ̀rà Ìgbómìnà, bí ọdẹ bá wọ igbó títí tí kò rí nǹkan pa, yóò ní ẹran ti tán. Bí òkété bá sì hú iṣu àgbẹ̀ jẹ, yóò búra pé wọ́n pọ̀ ju yanrìn lọ. Àwọn méjèèjì kò purọ́. Ohun tí ojú olúkúlùkù rí ni ó sọ. Ṣùgbọ́n ìlú tí ó fẹ́ mọ iye ẹran tí òun lè pa li ọdún láìjẹ́ kí irú rẹ̀ parun, kò lè gbẹ́kẹ̀lé ìfojúdá lásán.

Ẹ̀yin oníṣòwò obì yóò tètè mòye ọgbọ́n yìí. Bí agbọ̀n kan bá kún fún obì pupa tí a kò mọ iye rẹ̀, ẹ ka obì funfun 40 sínú rẹ̀, kí ẹ sì pò wọ́n pọ̀ dáradára. Ẹ wá bu 50 jáde láìṣa ọ̀kan. Bí 10 nínú rẹ̀ bá jẹ́ funfun, ìdá kan nínú márùn-ún ni. Nítorínáà 40 tí ẹ kà sínú rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo agbọ̀n: obì 200 ni ó wà níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ gan-an li a ṣe lè ka òkété. A ó mú 40 láàyè, a ó fi àmì sí wọn li ara, a ó sì dá wọn padà sí igbó. Lẹ́hìn ọjọ́ díẹ̀ a ó tún mú 50. Bí 10 bá ní àmì, nǹkan bí 200 li ó wà níbẹ̀.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe tuntun. Petersen, ará Denmark, kọ̀wé lórí ẹja tí a fi àmì sí li ọdún 1896. Lincoln, ará Amẹ́ríkà, fi òrùka ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́ ṣírò iye wọn li ọdún 1930. Ní Áfíríkà tiwa, láàárín ọdún 1930 sí 1940, Jackson fi ọ̀dà sàmì sí eṣinṣin tí ń fa àrùn oorun ní Tanganyika, tí í ṣe Tanzania nísisìyí.

Ṣùgbọ́n kí a ṣọ́ra. Òkété tí ó ti bọ́ nínú ìgbèkùn lẹ́ẹ̀kan lè bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún pàkúté. Bí ó bá jẹ́ pé 5 péré nínú 50 li a rí àmì li ara wọn, ìṣirò yóò wí pé 400 ni wọ́n, nígbàtí wọn kò ju 200 lọ. Ẹni tí ó bá wá pa 100 yóò rò pé ìdá kan nínú mẹ́rin li òun pa, ṣùgbọ́n ìdajì ni! Bákan náà ni ọdẹ tí ó bá pa ẹran alámì tí ó sì fi àmì rẹ̀ pamọ́: ó mú kí igbó dàbí ẹni pé ó kún ju bí ó ti rí lọ.

Nítorínáà, níbikíbi tí a bá ti ń ṣe irú ìkànìyàn yìí fún ẹran, kí ọdẹ àti alẹ́ran má ṣe bẹ̀rù láti fi àmì tí wọ́n bá rí hàn. Iye tí ó tọ́ ni yóò jẹ́ kí àwọn ọmọ wa mọ ẹran wọ̀nyí ní ojú, kì í ṣe ní orúkọ nìkan.