Ìtọ́jú Ẹ̀wù Ìkànnì Nígbà Tí Sọ́fítíwíà Bá Gba Ẹ̀dà Tuntun

Ìkànnì orí íntánẹ́ẹ̀tì kì í dúró sójú kan. Àwọn tí ó kọ sọ́fítíwíà tí ó gbé e ró a máa gbé ẹ̀dà tuntun jáde láti ìgbà dé ìgbà, yálà láti dí ihò tí ọ̀daràn lè gbà wọlé, láti tún àṣìṣe ṣe, tàbí láti fi ohun èlò mìíràn kún un. Ẹni tí ó ni ìkànnì, ní tirẹ̀, ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ojú rẹ̀ ṣe: ó ti yan àwọ̀, ó ti yan fọ́ńtì tí ó lè gbé àmì ohùn, ó sì ti fi ọ̀rọ̀ Yorùbá rọ́pò ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àkójọ àwọn fáìlì tí ó ń sọ bí ojú ìkànnì yóò ṣe rí ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní theme. Ẹ̀wù ìkànnì ni àpilẹ̀kọ yìí yóò máa pè é. Ohun tí a fẹ́ ṣàlàyé níbí ni ọ̀nà tí ẹ̀wù tí a dá fún ara ẹni fi lè la ẹ̀dà tuntun já láìfàya.

Ohun tí ó wà nínú ewu

Ká ní ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ èdè kan wà ní ìlú Bìní, olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Ẹdó, tí ó ń kó orúkọ oyè àti orúkọ ohun ọnà jọ sórí ìkànnì ní èdè Ẹdó àti ní èdè Yorùbá. Èdè méjèèjì ni ó ń lo ẹ àti ọ. Bí ẹ̀dà tuntun bá mú fọ́ńtì tí kò ní àwọn lẹ́tà wọ̀nyí wá, orúkọ kò ní dùn ún wò mọ́, àmì ohùn sì lè ṣí kúrò lórí fáwẹ̀lì rẹ̀. Nínú èdè tí àmì kan ṣoṣo fi ń ya ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ìtumọ̀ ni irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ń bà jẹ́.

Ọ̀ràn náà kò kéré ní Bìní rárá. Ní ọdún 1897 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó ọ̀pọ̀ ohun ọnà ààfin lọ, tí wọ́n sì fọ́n káàkiri àgbáyé. Ìkànnì Digital Benin, tí a ṣí ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, kó àkọsílẹ̀ ohun tí ó lé ní 5,000 jọ láti ilé-iṣẹ́ 131 ní orílẹ̀-èdè 20, ó sì fi orúkọ tí àwọn Ẹdó ń pe àwọn ohun náà kún un. Níbi tí ohun fúnra rẹ̀ kò ti sí nílé, orúkọ rẹ̀ gan-an jẹ́ ogún. Ó yẹ kí a kọ ọ́ bí ó ti yẹ, kí ó sì máa rí bẹ́ẹ̀ títí.

Ìdí kan wà tí lẹ́tà Yorùbá fi tètè ń fara gbọgbẹ́. Nínú Unicode, ìlànà tí kọ̀ǹpútà fi ń dá lẹ́tà mọ̀, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀ (U+1EB9), ọ ní tirẹ̀ (U+1ECD), ṣ náà ní tirẹ̀ (U+1E63). Ṣùgbọ́n ẹ́ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo: ẹ ni a kọ́kọ́ kọ, kí àmì ohùn (U+0301) tó gùn ún lórí. Fọ́ńtì tí kò mọ bí a ṣe ń gbé àmì lérí lẹ́tà yóò sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bákan náà, èdè Vietnam ń lo ẹ àti ọ, kò sì lo ṣ. Nítorí náà ni fọ́ńtì kan fi lè ní méjì àkọ́kọ́ láìní ẹ̀kẹta.

Ìdí tí àtúnṣe fi ń parẹ́

WordPress, tí Matt Mullenweg àti Mike Little gbé jáde ní ọdún 2003, dára fún àpẹẹrẹ. Fódà kan ni ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan ń gbé. Nígbà tí ẹ̀dà tuntun ẹ̀wù bá dé, sọ́fítíwíà kò yẹ fáìlì wò láti mọ èyí tí a fọwọ́ kàn. Ó ń pa fódà àtijọ́ rẹ́, ó sì ń gbé tuntun sí ipò rẹ̀. Ohunkóhun tí a kọ sínú fódà náà bá a lọ.

Ẹlòmíràn á ní kí òun má gba ẹ̀dà tuntun mọ́. Ìyẹn kì í ṣe ọgbọ́n. Bí a bá ti kéde ihò tí ẹ̀dà tuntun dí, gbogbo ayé ti mọ ibi tí ihò wà lára ẹ̀dà àtijọ́. Ẹni tí ó kọ ẹ̀dà tuntun nítorí ẹ̀wù lè pàdánù ilé pẹ̀lú ẹ̀wù.

Àpèjúwe láti Igun

Ní Òpópónà Igun ní Bìní, iṣẹ́ àwọn alágbẹ̀dẹ idẹ lè là wá lójú. Amọ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń mọ inú ère. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á fi ìda oyin bò ó, ara ìda yìí ni wọ́n sì ń ya gbogbo ọnà sí: ìlẹ̀kẹ̀, ilà ojú, bátànì aṣọ. Wọ́n á tún fi amọ̀ bo ìda, wọ́n á yáná sí i kí ìda yọ́ jáde, wọn á sì da idẹ gbígbóná sí àyè tí ó fi sílẹ̀. Amọ̀ inú ń gbé ère ró. Ọnà kò sí lára rẹ̀. Ìpele tí ó bò ó ni ọnà wà.

Ìlànà tí ó ń dáàbò bo ẹ̀wù ìkànnì kò yàtọ̀ sí èyí: ohun tí a fi kún un kò gbọdọ̀ gbé inú ohun tí ẹlòmíràn yóò máa pààrọ̀.

Ẹ̀wù òbí àti ẹ̀wù ọmọ

WordPress pèsè ìpele yìí. A ó dá fódà tuntun sílẹ̀ fún ẹ̀wù ọmọ, a ó sì fi fáìlì style.css sí i. Ní orí fáìlì náà, ìlà kan yóò dárúkọ fódà òbí, fún àpẹẹrẹ:

Template: twentytwentyone

Láti ìgbà náà, ọmọ ń jogún ohun gbogbo tí òbí ní, àyàfi ohun tí ó bá ní tirẹ̀. Bí fáìlì àwòṣe kan bá wà nínú fódà ọmọ, tirẹ̀ ni sọ́fítíwíà yóò lò dípò ti òbí. Fọ́ńtì, àwọ̀ àti ìtò ojú-ìwé ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa yóò wà nínú fódà ọmọ. Bí a bá pààrọ̀ òbí nígbà mẹ́wàá, wọn yóò wà níbẹ̀.

Àtúnṣe kékeré kò nílò fódà ọmọ. Láti WordPress 4.7 ti ọdún 2016 ni àyè Additional CSS ti wà, inú àká dátà ni ó sì ń pa ohun tí a kọ síbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀wù kan pàtó ni ó so mọ́: bí a bá wọ ẹ̀wù mìíràn, kò ní bá wa lọ.

Ibi tí ẹ̀wù ọmọ kò tó

Ẹ̀wù ọmọ kò sọ ni di ẹni tí kò ní ṣọ́ nǹkan mọ́. Fáìlì tí a dà kọ láti ara òbí dúró bí ó ṣe rí lọ́jọ́ tí a dà á kọ. Bí òbí bá tún àṣìṣe ṣe nínú fáìlì tirẹ̀, ẹ̀dà tí ó wà lọ́wọ́ ọmọ kò gbọ́. Nítorí náà, ìwọ̀nba fáìlì tí a nílò ni kí a dà kọ.

Wikipedia fi ìṣòro kejì hàn. Àwọn aṣàtúnṣe Wikipedia a máa kọ ìlànà ìrísí sí ojú-ìwé MediaWiki:Common.css, tí ó wà lọ́tọ̀ sí kóòdù. Síbẹ̀, nígbà tí ẹ̀wù Vector rọ́pò MonoBook ní ọdún 2010, àti nígbà tí Vector 2022 gba ipò ní Wikipedia Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, ìtò inú ojú-ìwé yí padà. Ìlànà tí ó ń tọ́ka sí ẹ̀yà tí kò sí mọ́ kò rí ibi dì mú. Kò parẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ rẹ̀ ti tán.

Ti ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ojú ìkànnì ni ó sàn jù. Orí translatewiki.net ni a ti ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ MediaWiki sí Yorùbá àti sí èdè mìíràn, a sì ń kó o padà sínú sọ́fítíwíà. Ìtumọ̀ tí ó ti wọ orísun gbogbogbòò ń bá ẹ̀dà tuntun rìn ni.

Ìgbésẹ̀ mẹ́rin

1. Ẹ̀dà ìpamọ́. Kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun, kí a da fáìlì àti àká dátà kọ, kí a sì dán an wò bóyá a lè dá wọn padà.

2. Àkọsílẹ̀. Kí a kọ ohun tí a yí padà, ọjọ́ tí a yí i, àti ìdí rẹ̀. Git, tí Linus Torvalds bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2005, lè ṣe é, ìwé lásán náà sì lè ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ṣe iṣẹ́ náà yóò gboyè jáde. Àkọsílẹ̀ ni yóò sọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó bá rọ́pò rẹ̀.

3. Ìdánwò. Orí ẹ̀dà ìkànnì tí aráyé kò rí ni kí a ti kọ́kọ́ gba ẹ̀dà tuntun. Kí ojú-ìwé ìdánwò ní ẹ̀, ẹ́, ọ̀, ọ́, ṣ, ń àti ǹ, ní lẹ́tà ńlá àti kékeré, kí a sì wò ó lórí fóònù pẹ̀lú.

4. Ìfiwéra. Kí a fi fáìlì tí ọmọ dà kọ wé ti òbí tuntun, kí a sì mú àtúnṣe tí ó bá yẹ wọlé.

Ìkádìí

Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ẹni tí ó ya iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sọ́tọ̀, tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, tí ó sì dán an wò, kò ní máa bẹ̀rù ẹ̀dà tuntun. Fún ìkànnì tí ó ń gbé èdè Yorùbá tàbí èdè Ẹdó, àǹfààní rẹ̀ ni pé ẹni tí ó bá ṣí i lọ́dún mẹ́wàá òní yóò bá orúkọ náà bí a ṣe kọ ọ́, pẹ̀lú àmì rẹ̀ lórí àti lábẹ́.