Ẹ Kọ́kọ́ Gun Òkè: Ibi Tí Ẹ Ti Lè Ya Ìbàdàn Ní Fọ́tò Pẹ̀lú Àwọn Ọmọ

Ọ̀pọ̀ nínú wa tí wọ́n bí sí Lọ́ńdọ̀nù, Houston tàbí Toronto ló ń kó àwọn ọmọ lọ sílé nígbà ìsinmi. Tí a bá padà dé, fọ́tò á kún inú fóònù: ọmọ nínú ṣọ́ọ̀bù ńlá, ọmọ pẹ̀lú súyà lọ́wọ́, ọmọ nínú aṣọ ẹbí. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi ọmọ náà pé, "Apá ibo ni agbo-ilé wa wà nínú ìlú yẹn?" Kò ní mọ̀. Àwa òbí pàápàá, kì í ṣe gbogbo wa ló lè dáhùn.

Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún ẹni tó bá ń lọ sí Ìbàdàn pé kó kọ́kọ́ gun òkè. Ìlú náà tóbi púpọ̀. Tí ọmọ bá jókòó sẹ́yìn ọkọ̀, sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ nìkan ló máa rí. Láti orí òkè ló ti máa rí i pé ìlú kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ìbàdàn sì rọrùn fún èyí, torí àárín àwọn òkè ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó sí ní nǹkan bí 1829, nígbà tó ṣì jẹ́ bùdó ogun. Ẹ gbọ́ orúkọ àdúgbò: Òkè Ààrẹ, Òkè Àdó, Ìsàlẹ̀ Ìjẹ̀bú. Ọmọ tó bá ti mọ òkè àti ìsàlẹ̀ ti ń mọ ọ̀nà ìlú náà lédè Yorùbá nìyẹn.

Láyípo, lórí Òkè Ààrẹ

Ibí ni kí ẹ fi ṣe àkọ́kọ́. Ilé gogoro kan ni, tí wọ́n kọ́ ní 1936 láti fi ṣe ìrántí Captain Robert Bower, òyìnbó tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi ṣe Resident àkọ́kọ́ ní Ìbàdàn ní 1893. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 60. Bower's Tower ló wà nínú ìwé, ṣùgbọ́n àwọn ará Ìbàdàn wo àtẹ̀gùn inú rẹ̀ tó ń yí po bí ìkarahun ìgbín, wọ́n ní Láyípo ló ń jẹ́. Bower yìí kan náà ló yin àgbá sí ìlú Ọ̀yọ́ ní 1895. Tí ọmọ yín bá ti dàgbà díẹ̀, ẹ sọ ìyẹn fún un nísàlẹ̀, kí ẹ wá bi í pé orúkọ wo ni òun á máa pe ibẹ̀. Tèmi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní, "Láyípo."

Tí ẹ bá dókè, páànù ni ohun àkọ́kọ́ tí ojú yín máa rí. Páànù tó ti dógùn-ún, aláwọ̀ ilẹ̀, ilé lé ilé, títí lọ bí ojú ṣe lè ríran mọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ rò pé ìdọ̀tí ni. Ẹ ṣàlàyé fún un pé òjò ọ̀pọ̀ ọdún ló fọ ohun tí wọ́n fi bo irin náà kúrò, tí irin wá dógùn-ún. Níbi tó bá pọ́n jù, ibẹ̀ ni ilé àtijọ́ pọ̀ sí. Àwọn ilé tuntun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán ń lo páànù aláwọ̀ pupa, ewéko àti búlúù. Ọmọ lè fi àwọ̀ òrùlé nìkan mọ bí ìlú ṣe ń gbòòrò.

Àtẹ̀gùn yẹn há, kò sì yẹ àgbàlagbà. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, tí àwọn ọmọ mi ń pè ní Màmá Ìbàdàn, ti pé ọdún 78. Orúnkún rẹ̀ kò gbà á. Ó jókòó sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀, ọmọbìnrin mi sì pè é lórí WhatsApp láti òkè, ó kọjú kámẹ́rà síta.

"Sún un sí òsì díẹ̀. Òsì kọ́ nìyẹn, ọ̀tún ni. Ẹ̀n-ẹ́n. Ṣé o rí ilé ńlá olópòó tó wà lórí òkè yẹn?"

"Mo rí i, Màmá."

"Màpó nìyẹn. Máa wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, níbi tí òrùlé ti fún mọ́ra. Ọjà'ba ló wà níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni wọ́n bí bàbá bàbá ẹ sí."

Àwọn àgbà máa ń sọ pé ohun tí àgbà rí lórí ìjókòó, ọmọdé ò lè rí i bó gun orí igi. Ọmọ mi gun orí òkè, ó tún gun ilé gogoro lórí òkè, síbẹ̀ ẹni tó jókòó sínú ọkọ̀ ló là á lójú. Nínú gbogbo ọmọ bàbá bàbá mi, Màmá Ìbàdàn nìkan ló kù tó lè tọ́ka sí ibẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Lára gbogbo fọ́tò ìrìn àjò yẹn, èyí tí ọmọ mi lẹ̀ mọ́ ògiri yàrá rẹ̀ ni èyí tó jẹ́ páànù nìkan, pẹ̀lú ìka rẹ̀ tó nà sí agbo-ilé wa.

Màpó àti Dùgbẹ̀

Gbọ̀ngàn Màpó, tí wọ́n ṣí ní 1929, ni kí ẹ tẹ̀ lé e. Àwọn òpó rẹ̀ gíga débi pé ọmọ tó bá dúró síbẹ̀ á dà bí ìka ọwọ́. Iwájú gbọ̀ngàn náà ni kí ẹ ti ya fọ́tò ẹbí, kí ẹ sọ fún wọn pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé adé fún Olúbàdàn. Lẹ́yìn náà, ẹ yíjú, kí ẹ wá Láyípo tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibẹ̀ bọ̀. Àwọn ọmọ fẹ́ràn kí wọ́n rí ibi tí wọ́n ti dúró tẹ́lẹ̀.

Cocoa House ní Dùgbẹ̀, ìsàlẹ̀ ni kí ẹ ti yà á. Owó kòkó tí àwọn àgbẹ̀ wa kó jọ ni wọ́n fi kọ́ ọ, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1965. Iná jó o ní 1985, wọ́n sì tún un ṣe. Láti orí Láyípo, òun ni kí ẹ fi ṣe àmì: tí ẹ bá ti rí i, ẹ ti mọ ibi tí Dùgbẹ̀ wà.

Ìgbà tó dára jù

Dùgbẹ̀ wà níwọ̀-oòrùn Láyípo. Tí ẹ bá lọ láàárọ̀, oòrùn á wà lẹ́yìn yín, gbogbo páànù á sì hàn kedere. Tó bá jẹ́ ìrọ̀lẹ́, oòrùn á máa wọ̀ lẹ́yìn Cocoa House, ilé náà á dúdú, ojú ọ̀run á pọ́n. Èyí náà rẹwà.

Oṣù Ọ̀pẹ àti Ṣẹ́rẹ́ ni ọ̀pọ̀ wa máa ń lọ, ṣùgbọ́n ìgbà ọyẹ́ nìyẹn. Eruku máa ń bo ojú ọ̀run débi pé ohun tó wà lọ́ọ̀ọ́kán kì í hàn. Tó bá jẹ́ ìsinmi ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn òyìnbó lẹ lọ, ẹ lo oṣù Ògún, nígbà tí òjò máa ń dáwọ́ dúró díẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ńlá ló dára jù, torí òjò ti fọ afẹ́fẹ́ mọ́.

Ìwà lórí òkè

Láti òkè, ojú ń wọ ẹ̀yìnkùlé olónílé. Ẹnì kan lè máa wẹ̀, ẹlòmíràn lè máa fọ aṣọ. Ẹ kọ́ ọmọ pé kò gbọdọ̀ fi kámẹ́rà fa irú ìyẹn mọ́ra. Ẹ kí ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀, kí ẹ béèrè owó ìwọlé kí ẹ tó gun òkè. Ẹ di ọwọ́ ọmọ mú lórí àtẹ̀gùn, ẹ má sì jẹ́ kó gun ògiri torí fọ́tò. Ẹ má gbé dróònù lọ láìgba àṣẹ, ẹ má sì kọ kámẹ́rà sí bárékè tàbí àwọn ọlọ́pàá lójú ọ̀nà.

Bí owó ọkọ̀ òfurufú ò bá tíì pé

Ẹ bẹ̀rẹ̀ níbi tí ẹ wà. Àwa tó wà ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù ní One Tree Hill ní Honor Oak, a ní Greenwich Park tí odò Thames wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì. Ẹ dúró síbẹ̀, kí ẹ ní kí ọmọ fi Yorùbá júwe ilé yín: ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀, ìlà-oòrùn, ìwọ̀-oòrùn, iwájú, ẹ̀yìn. Ọmọ tó bá ti mọ ìwọ̀nyí dáadáa ò ní ṣi ọ̀tún gbé fún òsì bíi tèmi ọjọ́ náà, tí Màmá Ìbàdàn bá ń pàṣẹ lórí fóònù.

Tí ẹ bá ti ya fọ́tò tán, ẹ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ẹ fún àgbà tó mọ ìlú ní bírò, kó kọ orúkọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan sẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀kan fún ọmọ, ọ̀kan fún àgbà. Ẹ má fi dọ̀la o.