Ẹ Wo Dísìkì Kí Ẹ Tó Ra RAM

Bí NEPA bá mú iná lọ ní Ore, tí oníbísinẹ́ẹ̀sì sẹ́ńtà sì tan jẹnẹrétọ̀, epo á ti máa jó kí Windows tó ṣí. Akẹ́kọ̀ọ́ tó wá gba ìwé JAMB ń dúró. Arìnrìn-àjò tó fẹ́ tẹ ìwé kan kí ọkọ̀ Benin tó gbéra ń wo aago. Ohun tí wọ́n sábà máa ń sọ ni pé RAM ló kéré. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀, yálà ní Ore tàbí ní Odigbo, dísìkì ló ń dá iṣẹ́ dúró, ibẹ̀ ló sì yẹ kí owó àtúnṣe kọ́kọ́ lọ.

Tí a bá tẹ bọ́tìnnì, ètò kékeré kan tó wà nínú ẹ̀rọ náà ló máa ń kọ́kọ́ jí. Á yẹ RAM, kíbọọ̀dù àti dísìkì wò, á sì pe ètò tó máa kó Windows wọ inú RAM. Èyí kì í pẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni wàhálà dé, torí Windows gbọ́dọ̀ ka àìmọye fáìlì kéékèèké tó fọ́n káàkiri. Nínú hard disk, àwo róbótó ló ń yí, ìgbà 5,400 tàbí 7,200 ní ìṣẹ́jú kan, apá tín-ín-rín kan sì ń lọ sókè sódò lórí rẹ̀ láti wá fáìlì. Wíwá ẹyọ kan lè gba ìdá kan nínú 100 ìṣẹ́jú-àáyá. Ẹ wá a nígbà 3,000, ààbọ̀ ìṣẹ́jú ti lọ nìyẹn. SSD, irú dísìkì mìíràn, kò ní ohun tó ń yí rárá. Ìdá kan nínú 10,000 ìṣẹ́jú-àáyá ti tó o.

Ẹ lè fojú ara yín rí i. Bí Windows bá ṣe ń ṣí, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Nínú fèrèsé tó máa ṣí, bó bá jẹ́ hard disk lẹ ń lò, ẹ ó sábà rí Disk ní 100%, nígbà tí CPU, ọpọlọ ẹ̀rọ náà, kò ṣe tó bẹ́ẹ̀: dísìkì ni CPU ń retí. Ẹnì kan lè ní RAM tí òun fi kún un mú kí ẹ̀rọ òun yá. Òótọ́ ni, pàápàá bó bá jẹ́ 2GB ló ní tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n òfìfo ni RAM máa ń wà tí a bá ti pa ẹ̀rọ. Orí dísìkì ni gbogbo ohun tó máa kún inú rẹ̀ ti ń bọ̀.

Àwọn mìíràn á ní, ṣebí láti ìgbà Windows 8, ní 2012, ni Windows ti ń fi apá kan ara rẹ̀ pamọ́ sórí dísìkì nígbà tí a bá ń pa á, kó lè tètè ṣí lọ́jọ́ kejì. Ó dára, àmọ́ àfi tí a bá pa á bó ṣe yẹ. Kọ̀ǹpútà tí iná lọ mọ́ lọ́wọ́ kò ráyè fi nǹkan kan pamọ́. Nígbà míì, á tún kọ́kọ́ yẹ dísìkì wò bóyá ó ti bàjẹ́. Ìdí nìyí tí ọ̀nà yìí kì í fi í gbe wá tó bó ṣe ń gbe àwọn tí iná wọn kì í lọ.

Ní ti owó, SSD 240GB ti tó Windows àti ètò ọ́fíìsì, kí fáìlì àwọn oníbàárà sì wà lórí hard disk àtijọ́. Kí ẹ tó gbé ẹ̀rọ náà fún ẹnikẹ́ni, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ da fáìlì yín kọ síbòmíràn.