Ìfẹ́ Kì Í Ṣe Oúnjẹ: Ọ̀rọ̀ Lórí Ajá Labrador

Àwọn àgbà wí pé àṣejù ni baba àṣetẹ́. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ajá, pàápàá jù lọ ajá Labrador, èyí tí àwọn ará Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà fẹ́ràn púpọ̀. Ọ̀pọ̀ olówó rẹ̀ ni ó ń fi ìfẹ́ gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo orírun rẹ̀. Láti Newfoundland, tí ó wà ní Kánádà lónìí, ni wọ́n ti fi ọkọ̀ ojú omi kó àwọn baba ńlá rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rúndún 19. Àwọn ìjòyè ibẹ̀ sọ ọ́ di ajá ọdẹ, tí ń wọ odò lọ gbé ẹyẹ tí ìbọn bá bà. Ní 1903 ni ẹgbẹ́ Kennel Club fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Títí di òní, ohun tí ó bá rí ni í fi ẹnu gbé, ìbáà ṣe bàtà tàbí ìbọ̀sẹ̀. Bí ó bá rí omi, kò ní ṣàì bọ́ sínú rẹ̀. Bí a kò bá sì nu etí rẹ̀ gbẹ, etí náà lè kẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹnu ni ó ga jù. Labrador lè jẹun tán nísinsìnyí, kí ó tún jókòó ti olówó rẹ̀, kí ó máa wò ó lójú bí ọmọ òrukàn. Àwọn ènìyàn a pè é ní wọ̀bìà. Wọ́n dà bí olùkọ́ tí ń na ọmọ tí kò gbọ́ràn dáadáa, tí ó rò pé olóríkunkun ni. Ní 2016, àwọn onímọ̀ Yunifásítì Cambridge fi hàn pé nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ajá yìí ni a bí àbùkù kan mọ́, nínú jíìnì POMC, tí ó yẹ kí ó jẹ́ kí ọpọlọ mọ̀ pé oúnjẹ ti tó. Ní 2024, wọ́n tún fi hàn pé bí irú ajá bẹ́ẹ̀ bá ń sinmi, agbára tí ara rẹ̀ ń lò fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ebi ń pa á jù, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ tí ara rẹ̀ ń fẹ́ kò pọ̀.

Ọ̀ràn yìí kì í ṣe ti ẹwà. Oríkèé ìbàdí àti ìgúnpá ọ̀pọ̀ Labrador kì í wọlé dáadáa láti kékeré, ọ̀rá a sì máa fìyà kún ìyà wọn. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n pín ọmọ Labrador 48 ní méjì-méjì. Wọ́n ń fún ọ̀kan ní oúnjẹ tí ó fi ìdá kan nínú mẹ́rin dín sí ti èkejì. Èsì tí ó jáde ní 2002 ni pé àwọn tí wọ́n dín oúnjẹ wọn kù lo nǹkan bí ọdún 13, àwọn yòókù lo nǹkan bí ọdún 11. Ìrora oríkèé pàápàá pẹ́ kí ó tó mú wọn.

Nítorí náà, kí olówó Labrador máa wọn oúnjẹ rẹ̀, kí ó sì kìlọ̀ fún ọmọ àti àlejò tí ń ju òkèlè sí i. Kí ó fi ọwọ́ wá egungun ìhà rẹ̀. Bí kò bá tètè kàn án, ọ̀rá ti pọ̀. Ẹni tí ó fẹ́ ra ọmọ rẹ̀, kí ó béèrè ìwé àyẹ̀wò ìbàdí, ìgúnpá àti ojú baba àti ìyá rẹ̀.

Ajá yìí kò lè sọ fún ara rẹ̀ pé ó tó. Olówó rẹ̀ ni yóò bá a sọ ọ́, bí ojú ajá tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́.